Kẹ̀kẹ́ Fáṣèyí tí Àdùnní Sẹ́

Àbúdùlàhí tó ń ra irin àlòkù kò tíì kí Àdùnní tán tí ojú rẹ̀ fi ti sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ìkòkò tó ti lu, páànù òrùlé, bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, gbogbo rẹ̀ ti kún inú ọmọlanke rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń wò yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan ló fara ti ògiri níbẹ̀. Ìtàkùn ti gun ọwọ́ rẹ̀, ó ti dípẹtà láti orí dé ẹsẹ̀, adìyẹ sì ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ibùsùn.

"Ìyá Romaric, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?"

"Fi í sílẹ̀ ná."

"'Fi í sílẹ̀ ná' lẹ sọ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Ìyá, alùpùpù yín kò ní pẹ́ dé mọ́ o. Ṣé ibì kan náà lẹ máa gbé àwọn méjèèjì sí? Alùpùpù tuntun á bínú sí yín!"

Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó lọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń fi iná sí alùpùpù, ó sì fi ẹnu ṣe "fùùùm". Ó rẹ́rìn-ín. Àdùnní náà rẹ́rìn-ín, irú èyí tí kì í kọjá ètè. Nígbà tí ọmọlanke náà yà ní kọ́nà, ó jókòó sórí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì fi ìborùn bo ojú ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti dé etí onírin, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, tí kì í tilẹ̀ ṣe Kristẹni, ta ló wá kù ní gbogbo ìlú Adja-Ouèrè tí kò tíì gbọ́?

Kò sì sí ẹni tó lè dá lẹ́bi. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ tàn án kálẹ̀, nínú ilé Ọlọ́run, pẹ̀lú ijó.

Àdùnní, opó Fáṣèyí, kì í ṣe aláriwo obìnrin. Oko gbágùúdá ló ní ní Massè. Òun ló ń hú u, òun ló ń bó o, òun ló ń yan án ní gàrí, gàrí náà sì ni wọ́n fi rán ọmọ méjì níléèwé. Ìtùnúolúwa ti lọ sílé ọkọ ní Oko-Akarè. Romaric wà ní Kútọnu, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà símẹ́ǹtì kan. Ní pàrọ́ọ̀sì wọn, níbi tí gbogbo wọn ti ń wọ sùtánà funfun tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ lásán rìn, ẹ̀gbẹ́ òpó ló máa ń jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, á jẹ́ láti sọ pé sùtánà rẹ̀ funfun ju ti àwọn yòókù lọ. Ìyẹn náà, ó mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ rẹ̀ wá pè é ní tẹlifóònù lọ́jọ́ kan. "Màmá, ẹ ò ní fẹsẹ̀ rìn lọ sí Massè mọ́. Mo máa gbé alùpùpù wá fún yín kí ọdún tó parí. Pupa ni."

Èwo nínú àwa ìyá ni yóò gbọ́ irú èyí tí yóò dákẹ́?

Àṣà kan wà tí wọ́n ń dá ní pàrọ́ọ̀sì náà. Ẹni tó bá ń retí nǹkan lè dúpẹ́ rẹ̀ kí nǹkan náà tó dé. Àwọn tó ń wá ọmọ máa ń ṣe é, àwọn tó ń wá físà máa ń ṣe é. Wọ́n ní ó máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dárúkọ ohun tí wọ́n ń retí. Wọ́n á ní, "Nítorí ohun tí Olúwa fẹ́ ṣe," wọ́n á sì panu mọ́. Àdùnní dárúkọ. Kì í ṣe pé ó dárúkọ nìkan, ó tún sọ àwọ̀.

Ó gbé ọsàn wá, ó gbé ọ̀pẹ òyìnbó àti àgbọn wá, ó gbé àbẹ́là wá. Àwọn akọrin gbé orin sókè, Àdùnní sì jó kúrò nídìí òpó dé iwájú pẹpẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti gbé e, bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di alùpùpù mú, ó lọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó tẹ̀ síbí, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, ó yí àwọn agbọ̀n èso náà po bí ẹni ń yà fún kòtò. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọdé dìde tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pè é ní Ìyá Romaric mọ́ nínú ìjọ. Ìyá Alùpùpù ni. Ká má parọ́, ó gbádùn orúkọ náà.

Lẹ́yìn náà ni Romaric tún pè. Wọ́n ti ti ilé ìtajà símẹ́ǹtì pa. Alùpùpù pupa náà wà lóòótọ́, ó ti rà á, ṣùgbọ́n òun náà ló fi ń ṣe zẹ̀míjàn báyìí, tó ń gbé èrò kiri Kútọnu kó tó lè jẹun.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Bínú kẹ̀? Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà ni tèmi."

Ibẹ̀ ni ó yẹ kó ti dá ọ̀rọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ó rántí ìkórè pàrọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, tí gbogbo ọmọ tó wà nídàálẹ̀ máa ń wálé fún, ó sì sọ pé, "Ṣùgbọ́n má tíì wá sílé fún ìkórè. Bí wọ́n bá rí ọ, wọ́n á béèrè."

Romaric ní, "Ó dáa, Màmá." Kò sì wá. Kò tíì wá títí di ìsinsìnyí.

Àwọn tó ń béèrè alùpùpù náà lọ́wọ́ Àdùnní, èsì kan náà ló ń fún wọn: "Ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ní Kútọnu." Gbogbo ẹni tó bá ti dé ọ́fíìsì rí ní ilẹ̀ wa yìí ló mọ bí ìwé ṣe ń pẹ́ tó, nítorí náà irọ́ yìí lálòpẹ́.

Orúnkún rẹ̀ ni kò gbà. Ọ̀nà Massè kò kúrú, gbágùúdá sì wúwo lórí. Bó bá fi zẹ̀míjàn kó o, èrè gàrí á bá zẹ̀míjàn lọ. Gbágùúdá ti ń le nínú ilẹ̀ bí igi, kò sí ẹni tó máa gbé e wálé. Bẹ́ẹ̀ àpò méjì ni Fáṣèyí máa ń dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yìí nígbà ayé rẹ̀, tí á tún máa súfèé. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Àdùnní fúnra rẹ̀ ló ń gùn ún, á ká ìró sókè, á so ó mọ́ ìdí dáadáa, àwọn ọkùnrin á sì dúró máa wo ìran. Kẹ̀kẹ́ lè gba oko náà là. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá jókòó lé e, gbogbo ayé ni yóò béèrè pé alùpùpù ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí Àbúdùlàhí lọ yìí, Àdùnní dìde lórí odó, ó lé adìyẹ, ó já ìtàkùn. Ó da epo òyìnbó sí àkísà, ó fi yanrìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Táyà rẹ̀ ti sán bí èèpo igi. Ṣéènì rẹ̀ ti gan, ó le gbọngbọn bí ọ̀pá. Nígbà tó fi ọwọ́ yí ibi ìtẹsẹ̀ rẹ̀, irin náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ tún sá. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìpẹtà náà, ọ̀dà àwọ̀ ewé yọjú níbì kan, egungun kẹ̀kẹ́ náà kò dá, irin tí Fáṣèyí fi iná jó mọ́ ibi ìkẹ́rù kò sì mì rárá. Àdùnní gbọn ibẹ̀ títí. Kò mì.

Ó ku alátùn-únṣe. Fàtáì ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ rẹ̀ wà létí títì, ní ọ̀kánkán ọjà, níbi tí àwọn zẹ̀míjàn ń dúró sí, tí gbogbo ọmọ ìjọ sì ń gbà kọjá. Àdùnní rántí pé alátùn-únṣe kan wà ní Oko-Akarè nítòsí ilé ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló yàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ oko, ó fa gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, ó sì ti kẹ̀kẹ́ náà gba ọ̀nà ẹ̀yìn tó gba abẹ́ ọ̀pẹ lọ. Kẹ̀kẹ́ kò fẹ́ yí. Ó ń ti iwájú, ó ń gbé ẹ̀yìn sókè, ó ń wẹ̀yìn wò bí ẹni tó jí i gbé. Ó ti ń rò pé òun ti bọ́ nígbà tí ẹnì kan já láti inú igbó pẹ̀lú ẹrù ewé lórí. Nadège ni, olórí àwọn obìnrin pàrọ́ọ̀sì.

"Háà! Ìyá Alùpùpù! Àlàáfíà fún yín o."

"Àlàáfíà ni, Nadège ọmọ mi."

"Ẹ wo bí òógùn ṣe bò yín láàárọ̀ kùtù! Kẹ̀kẹ́ ta lèyí?"

Òótọ́ wà létè Àdùnní. Ó là á, ohun mìíràn ló jáde.

"Ti... ti tálákà kan ni, ní Oko-Akarè. Kò rí ẹni bá a gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Mo ní kí n bá a tì í."

Nadège sọ ẹrù kalẹ̀, ó yí kẹ̀kẹ́ náà ká. "Ẹ̀yin, pẹ̀lú orúnkún yín yìí? Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ń tún èyí ṣe, ṣé orí rẹ̀ pé? Irin lásán mà ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Àdùnní ní. "Irin lásán ni."

"Ọlọ́run á san án fún yín. Àwa tí à ń wọ sùtánà, ìwọ̀nba wa ló lè ṣe irú èyí."

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ, orin ìyìn lẹ́nu rẹ̀. Àdùnní dúró síbẹ̀, ó gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ nídìí iná, ṣùgbọ́n ó kéré tán, àwọn tó dẹ́rù bà á lọ́jọ́ náà ju obìnrin kan tó ru ewé lọ. Kẹ̀kẹ́ tó gbé gbogbo gàrí tí ọmọ méjì fi kàwé, òun ló pè ní irin lásán, ó sì pe ẹni tó ni ín ní tálákà tí kò rí ẹni ràn án lọ́wọ́. Kò lè lọ sí Oko-Akarè mọ́. Ó yí padà, ó gbé kẹ̀kẹ́ padà sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì pinnu pé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí Àbúdùlàhí kúkú wá gbé e, kí gbogbo rẹ̀ parí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ló kọ́kọ́ dé.

Wọ́n ti parí ìwàásù, wọ́n ti kéde ohun tí wọ́n fẹ́ kéde, nígbà tí Nadège dìde ní òun ní ẹ̀rí. Àdùnní kò fura. Ó ti ń ṣe "àmín" pẹ̀lú àwọn yòókù nígbà tó gbọ́ "ọ̀nà ẹ̀yìn", tó gbọ́ "kẹ̀kẹ́".

"Màmá wa tí alùpùpù ń bọ̀ fún, òun ni mo bá tó ń ti kẹ̀kẹ́ tálákà! Kẹ̀kẹ́ tí ìpẹtà ti jẹ tán! Ẹ̀yin ará, mo délé, n kò lè jẹun. Mo ní bí Màmá bá lè tì í, kí làwa lè ṣe fún tálákà náà?"

Àwọn obìnrin méjì gbé nǹkan wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Táyà kẹ̀kẹ́ méjì ni, tuntun, pẹ̀lú rọ́bà inú wọn. Wọ́n tò wọ́n sórí aṣọ funfun níwájú pẹpẹ.

"Ìyá Alùpùpù, ẹ bọ́ síwájú kí ẹ gbà á bá wa fún un. Kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún Olùṣọ́ kí wọ́n fi tan àbẹ́là."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í gbàdúrà fún "ẹnì kan". Wọ́n gbọ́dọ̀ pe orúkọ lé àbẹ́là kí iná tó kàn án. Àdùnní rìn lọ síwájú, símẹ́ǹtì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ ń wá orúkọ. Fátókun wá sí i lọ́kàn. Báwo ni Fátókun kan kò ṣe ní í sí ní Oko-Akarè? Wọ́n á pe Fátókun, wọ́n á tan iná, ìjọ á túká, táyà á sì dọ́wọ́ òun. Ohun gbogbo á lọ geere. Bí ó ṣe rọrùn tó yẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Olùṣọ́ àgùntàn ìjọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣe tíṣà láàárín ọ̀sẹ̀, gbé àbẹ́là sókè. "Orúkọ rẹ̀, Màmá?"

"Àdùnní."

Olùṣọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Orúkọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni, Màmá. Kì í ṣe tiyín."

"Èmi ni mo ni ín. Ti Fáṣèyí ọkọ mi ni." Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn. Ó gbé e sókè díẹ̀. "Kò sí tálákà kankan ní Oko-Akarè. Kò sí alùpùpù kankan tó ń bọ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, kò sí ìwé tí wọ́n ń ṣe. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àdùnní ti ń retí ẹ̀rín, ó ti múra sílẹ̀ fún un, bóyá ì bá tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ń wo ẹsẹ̀ ara wọn, ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti wọ bàtà. Ojú ti Nadège náà. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti pe "tálákà" láàárọ̀ yẹn, pẹ̀lú ohùn rara, tí ẹni tó ń wí jókòó níbẹ̀ tó ń ṣe àmín?

Àdùnní yí padà láti lọ jókòó. Olùṣọ́ wúkọ́.

"A ti gbé e wá síwájú pẹpẹ, Màmá. A ò ní gbé e padà sí ìsọ̀. Ẹ kúnlẹ̀."

Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún tí gbogbo ìjọ gbọ́ ọ. Olùṣọ́ tan àbẹ́là, ó gbàdúrà fún Àdùnní, ó ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àdúrà tó ti mọ́ èèyàn lẹ́nu kì í rọrùn láti yí, "tálákà" sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu lágbedeméjì. Ìjọ ṣe àmín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹni tó bá rò pé ìjẹ́wọ́ ló nira, kó wá gba ẹ̀bùn lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ wò.

Nígbà tí wọ́n túká, ó fi táyà méjèèjì kọ́ èjìká, ó ń lọ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ọ̀kan."

Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ó wo Nadège, ó rí i pé ọmọ náà ti sunkún. Ó yọ táyà kan fún un. Wọ́n rìn dé ìkóríta, Nadège dá a padà fún un, oníkálùkù sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀.

Kó tó bọ́ sùtánà, ó pe Kútọnu.

"Romaric, wá sílé."

"Màmá, alùpùpù yẹn, mi ò tíì—"

"Mo ti sọ fún wọn."

"Fún ta?"

"Fún gbogbo ìjọ."

Ó gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ ẹnì kan tó ń bá a dúnàádúrà owó zẹ̀míjàn, ó gbọ́ Romaric tó ń sọ fún onítọ̀hún pé kó mú sùúrù. "Màmá, ojú ò tì yín?"

"Ó tì mí. Ó ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Wá sílé."

Lọ́jọ́ ọjà, Àbúdùlàhí pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, táyà lọ́rùn. Ó rò pé òun ló ń gbé e bọ̀ wá fún, ó ti fẹ́ ṣí ẹnu ọmọlanke. Àdùnní kí i, ó kọjá. Ọ̀nà títì ló gbà. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà kọjá níwájú àwọn zẹ̀míjàn, wọ́n sì dìde lórí alùpùpù wọn láti wò ó dáadáa.

"Ìyá Alùpùpù! Ṣé èyí ni wọ́n gbé dé láti Kútọnu?"

"Ó mà rẹwà o! Ẹ má sáré jù!"

Etí rẹ̀ gbóná. Ó tì í dé ìsọ̀ Fàtáì. Fàtáì fi ẹsẹ̀ ta àgbá kẹ̀kẹ́, ó yí ṣéènì tí kò yí, ó mi orí. "Ìyá, ká sọ tòótọ́. Táyà tuntun yìí ló níyì nínú gbogbo ẹ̀. Ohun tí ẹ máa ná sórí èyí tó kù, ẹ lè fi wá àlòkù mìíràn tó sàn jù ú lọ. Kò yẹ ní títúnṣe."

"Egungun rẹ̀ ńkọ́?"

"Egungun kò burú." Ó gbọn ibi ìkẹ́rù. "Ta ló jó èyí?"

"Ọkọ mi."

"Ó jó o dáadáa."

Àwọn obìnrin pàrọ́ọ̀sì méjì ń bọ̀ láti ọjà. Wọ́n rí i, wọ́n dín ìrìn kù, wọn kò mọ bóyá kí wọ́n kí i tàbí kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àdùnní rí wọn. Ó lè sọ pé òun ń bọ̀, kó lọ fi ara pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ títí wọ́n á fi kọjá.

"Tún un ṣe," ó sọ fún Fàtáì.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbí, kí ẹ padà wá lọ́la."

"Mo máa dúró."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí títì. Ó kí àwọn obìnrin náà kí wọ́n tó kí i, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ já gaara. Fàtáì dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó fi epo sí nọ́ọ̀tì iwájú, ó tẹ spánà mọ́ ọn, kò tú.

"Ìyá, ẹ bá mi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kó má mì."

Àdùnní ká ìró sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ọjà, ó sì dì í mú.